Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ àti Ẹnu Mẹkáníìkì

Ọkọ̀ kan wà ní àgbàlá mi tí kò bá ọjọ́ orí mi mu. Toyota Celica ni, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1988. Ìlẹ̀kùn méjì péré ni ó ní. Ó pupa fòò. Ó sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí yóò wọ inú rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí ìyàwó tí ó ń kí ìyá ọkọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì a yọrí sókè láti ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa pa ẹ̀rín mọ́ra nígbà tí wọ́n bá rí mi tí mo ń fa agbádá mi jáde nínú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í pa tiwọn mọ́ra. Ọ̀kan nínú wọn béèrè lọ́wọ́ mi ní gbangba bóyá ìyàwó mi mọ̀ nípa ọkọ̀ náà. Ó mọ̀. Òun ni ó tilẹ̀ sọ pé ó sàn kí ìgbà èwe tí kò tíì tán lára ọkùnrin gba inú ọkọ̀ jáde ju kí ó gba ibòmíràn lọ.

Ní ọdún 1989, nígbà tí mo wà ní Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ni mo kọ́kọ́ rí irú rẹ̀. Ó kọjá níwájú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì dúró síbẹ̀ títí ẹ̀wà tí mo rà fi tutù lọ́wọ́ mi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní 2021, ọ̀dọ́ olùkọ́ kan tí ó ń palẹ̀ mọ́ láti kó lọ sí Kánádà, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní jápa, wá bá mi pé kí n ra tirẹ̀. N kò ná an pẹ́. Láti inú èdè Látìn ni wọ́n ti fa orúkọ náà, Celica, yọ. Ohun tí í ṣe ti ọ̀run ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọdún 1970 ni àwọn ará Jàpáànù kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tí ń jẹ́ orúkọ yìí jáde. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ọ̀nà yìí kan náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, mo lọ mú ọmọbìnrin mi wá sílé láti Ifẹ̀, níbi tí òun náà ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí a ń bọ̀, a dúró ní Ìkirè, ó ra dòdò, ó sì gbé e lé itan. A kò tíì dé Aṣéjìrè nígbà tí ewúrẹ́ kan já lu títì. Mo tẹ bíréèkì. Iwájú ọkọ̀ wọlẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gbéra. Ní àkókò náà gan-an ni táyà ọ̀tún bọ́ sí ibi tí ọ̀dà ti bó. Ọkọ̀ náà fò, kò sì balẹ̀ sí ibi tí mo darí rẹ̀ sí. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Tírélà kan ń bọ̀ níwájú wa. N kò ké, ọmọ mi náà kò ké. Ohun tí mo rántí ni ìró dòdò tí ó ń ba gíláàsì. Nígbà tí a fi dúró, ẹsẹ̀ méjì ọkọ̀ náà ti wà nínú koríko, tírélà ti kọjá, ewúrẹ́ sì ti gba ọ̀nà ibi tí ó ń lọ.

Ọmọ mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Dádì, ṣé ọkọ̀ yìí kò tíì ṣe báyìí rí?”

Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti tó ọdún kan tí ó ti ń ṣe é. Nígbàkígbà tí mo bá tẹ bíréèkì, imú rẹ̀ a máa tẹ̀ wálẹ̀. Bí ó bá gun gegele kan, a jó lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó tó fara balẹ̀. Táyà iwájú méjèèjì ti jẹ ní ìjẹkújẹ, ibì kan ga, ibì kan jin, bí ẹni fi eyín bù wọ́n yí po. Nígbà tí wọ́n bá dé orí ọ̀dà tí ó dán, wọn a máa kùn. Mo yí rédíò sókè kí n má baà gbọ́ ọ. Nígbà kan tí mo ń pààrọ̀ táyà, mo rí ọ́ìlì tí ó ti ṣàn wá sí ìdí irin gígùn kan ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí eruku ti dì mọ́ ọn bí èkuru. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ máa fi ojú kékeré wò mí: mo fi àkísà nù ún, mo sì dé táyà padà.

Mo lè wí àwáwí. Ní ọdún 2022, àwa olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ gbáko, láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Kẹwàá, owó kò sì wọlé. Kí a tó bọ́ nínú ìyẹn, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 dé, wọ́n kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e náírà já wálẹ̀, iye gbogbo ohun tí ń ti òkè òkun bọ̀ sì di ohun tí ènìyàn ń gbọ́ tí ó ń di etí. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ń dún kòṣẹjù, etí ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì fi ń yẹ ọkọ̀ wò. Bí ẹ̀rọ bá ti jí lówùúrọ̀, ara wa a balẹ̀. A kì í ronú nípa ohun tí ó dúró lé.

Ọgbà mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ wà ní Ìbàdàn, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí ọ́ìlì ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú. Bàbá Ìbejì ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá ibẹ̀. Ó fi bí ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ṣùgbọ́n nítorí oyè tí ó wà lára orúkọ mi, “ẹ̀yin” ni ó ń pè mí, èmi náà ń pè é ní “ẹ̀yin” nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, ara sì rọ àwa méjèèjì. N kò tíì parí ẹjọ́ mi tí ó fi dìde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé igun iwájú ọkọ̀ náà, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá a yóò dìde lẹ́ẹ̀kan, yóò sì jókòó. Tèmi dìde, ó wọlẹ̀, ó tún dìde, ó tún wọlẹ̀, bí ẹni tí ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, sí ìbéèrè tí ọmọ mi bi mí lójú ọ̀nà.

“Dókítà, ṣọ́ọ̀kù yín ti kú,” ni ó wí. “Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.”

Mo ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé kì í ṣe sípíríìǹgì ni? Mo wò ó pé iwájú rẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀.”

Ó ní, “Rárá o. Sípíríìǹgì ló ń gbé e. Ṣọ́ọ̀kù ló ń ṣìpẹ̀ fún un.”

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Mo ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí àwa ọ̀mọ̀wé ṣe, mo sì ti ṣe díẹ̀ nínú wọn. N kò tíì rí èyí tí ó bá ohun tí ó ń júwe mu tó gbólóhùn méjì yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìṣìpẹ̀ jẹ́ láàrin wa. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnì kan, tàbí tí inú bá ń bí i, ẹni tí ó wá ṣìpẹ̀ kì í gbé ẹrù ìbànújẹ́ náà kúrò lórí rẹ̀. Kò lè gbé e. Kì í sì í sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ríru náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ọkàn má baà máa fò sókè sódò títí tí yóò fi ya. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kù gan-an nìyẹn. Sípíríìǹgì ni ó ru ọkọ̀. Bí kòtò bá tẹ̀ ẹ́, yóò sún kì, yóò sì ta padà. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, yóò máa ta, yóò máa sún kì, kò ní fẹ́ dákẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀kù, ọ̀pá irin kan wà tí ó ní orí bí ọmọ odó, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ́ìlì. Ihò tínńtín-tínńtín ni wọ́n dá sí orí náà. Kí ọ̀pá tó lè lọ, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ fún ara rẹ̀ gba inú ihò wọ̀nyí kọjá, kì í sì í fẹ́ yá. Gbogbo agbára tí ì bá máa gbé ọkọ̀ jó a sì di ooru. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kù tí ó dára lẹ́yìn tí ẹ ti la ojú ọ̀nà búburú kọjá, ẹ óò bá a pé ó ti gbóná. Nígbà tí ọ́ìlì bá ti jò tán, tàbí tí ihò bá ti jẹ gbòòrò, kò sí ẹni tí ń ṣìpẹ̀ fún sípíríìǹgì mọ́. Táyà yóò sì máa fò kúrò lórí ilẹ̀. Táyà tí kò sí lórí ilẹ̀ kò lè mú bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbọ́ ti sítíárìn. Èyí ni ìtumọ̀ rírìn bí alákàn tí a rìn ní ẹ̀bá Aṣéjìrè.

Nínú irú ọkọ̀ tèmi, ọ̀ràn náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ṣọ́ọ̀kù àti sípíríìǹgì wà nínú ara kan náà. Sípíríìǹgì yí ṣọ́ọ̀kù po bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó yí ìdí po. Orí rẹ̀ kan ara ọkọ̀ lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ibi tí táyà ń yí lé mú. Bí a bá yí ọwọ́ ọkọ̀, odidi rẹ̀ ni ó ń bá táyà iwájú yí. Ní ọgbà Bàbá Ìbejì, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pe àpapọ̀ rẹ̀: ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ní òkè òkun, orúkọ ẹnì kan ni ó ń jẹ́. Earle MacPherson, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ọdún 1891, ni ó gbé e kalẹ̀ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní General Motors lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ọkọ̀ kékeré kan tí owó rẹ̀ kò ní wọ́n ni wọ́n ní kí ó ṣe, Chevrolet Cadet. Ní ọdún 1947, wọ́n pa ètò náà tì, ó sì kó lọ sí Ford. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀, nínú Consul àti Zephyr tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1950. Ó kú ní 1960. Lóde òní, kò sí irú ẹsẹ̀ iwájú tí ó wọ́pọ̀ tó o lára ọkọ̀ kékeré.

Mo fi ìtàn yìí dá ara mi lára yá níwájú Bàbá Ìbejì. Ó gbọ́ mi dé òpin tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣebí ti 504 náà ni.” Òótọ́ ni ó sọ. Ẹsẹ̀ MacPherson ni ó wà níwájú Peugeot 504, ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, tí kò sì sí ibùdókọ̀ kan ní ilẹ̀ yìí tí a kò ti rí i láyé ìgbà náà. Lára 504 ni Bàbá Ìbejì ti kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tí mo kà nínú ìwé kí ojú mi tó rí ìwé náà.

Ní ìpele kẹta, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa èdè ìperí. Mo máa ń sọ fún wọn nípa ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, èyí tí ó kó ọ̀rọ̀ jọ fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ńlá ni ìwé náà. Òun ni ó jẹ́ kí a lè fi Yorùbá kọ́ Yorùbá. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kí wọ́n lọ wá orúkọ fún ẹ̀yà ara ọkọ̀. Nípa ṣọ́ọ̀kù, ọ̀kan mú “agbàjìgìjìgì” wá, òmíràn mú “amọ́kọ̀dúrójẹ́jẹ́” wá. Èyí tí mo fún ní máàkì jù lọ ni “apagbọ̀n”, ohun tí ń pa ìgbọ̀n. Mo lò ó ní ọgbà ní ọjọ́ tí mo ń sọ yìí. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ bá mi wo apagbọ̀n ọkọ̀ mi. Ọmọ náà wo inú búùtù, ó sì béèrè pé, “Agbọ̀n wo, sà?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ibi tí àṣìṣe wa wà. Orúkọ ni a ń wá kiri. Àwọn ará ọgbà kò wá orúkọ; wọ́n gba èyí tí ó bá ọjà wá, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀kù, ìbáà ṣe bọ́ọ̀ṣì, ìbáà ṣe nọ́ọ̀tì, wọ́n fún un ní ohùn Yorùbá, wọ́n sì kọjá lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n kò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sórí táyà àgbà kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sínú ìwé pélébé tí mo máa ń mú dání. Ṣọ́ọ̀kù ń jò. Ó ti kú. Sípíríìǹgì ti sùn. Ọkọ̀ ń jẹ táyà. Ẹ̀rọ ń mu ọ́ìlì. Bọ́ọ̀ṣì ń ké. Gíà ń tutọ́. Kì í sì í ṣe àwàdà ni wọ́n ń fi wọ́n dá, ìwádìí àìsàn ni. Bí ọlọ́kọ̀ bá ní “ó ń fà”, ojú aláìnímẹ́ǹtì tàbí bíréèkì ni wọn yóò kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá ní “ó ń gbọ̀n” nígbà tí eré bá pọ̀, wọn yóò wo bóyá táyà dọ́gba lórí ìwọ̀n. Bí ó bá ní “ó ń fò”, ṣọ́ọ̀kù ni. Ẹni tí ó bá fi “gbọ̀n” sí ipò “fò” yóò na owó rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ. Mo bi ara mi léèrè ìdí tí n kò fi tíì rán akẹ́kọ̀ọ́ kankan sí ibẹ̀ rí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gbọ́ pé mo ti di ará ọgbà, rán mi létí eré Wọlé Ṣóyínká tí ó jáde ní 1965, *The Road*, nínú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó forí sọ, tí ó sì ń wá Ọ̀rọ̀ kiri láàrin àwọn awakọ̀. Mo sọ fún un pé Ọ̀jọ̀gbọ́n tirẹ̀ kò rí i.

Ríra ṣọ́ọ̀kù náà gba ọ̀sẹ̀ méje. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Èkínní ni tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tí ó ti kú ní Yúróòpù; ṣọ́ọ̀kù tí ó ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún lára ọkọ̀ kan kò ní agbára púpọ̀ tí yóò mú wá fún òmíràn. Èkejì ni titun tí ó wà nínú páálí tí ń dán. Mo ra méjì nínú ìyẹn ní ọjà kan tí n kò ní dárúkọ. Bàbá Ìbejì gbé ọ̀kan dání bí ẹni ń wọn iṣu, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọ̀pá rẹ̀, ọ̀pá náà sì wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni ti igi bọ omi. Kò sọ̀rọ̀. Ó dá a padà sínú páálí, ó sì so ó bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kí n lè dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Wọn kò gbà á padà. Ọ̀nà kẹta ni kí a ránṣẹ́ ra ojúlówó. Ẹni tí ó ta ọkọ̀ náà fún mi ni ó bá mi wá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Kánádà tí ó sì fi wọ́n rán ẹni tí ń bọ̀ wálé. Iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù kan mi. Mo béèrè bóyá a lè kọ́kọ́ ra ọ̀kan fún apá ọ̀tún tí ó ń jò jù. Bàbá Ìbejì ní kí n lọ ra bàtà titun kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí n wọ ògbólógbòó sí òsì, kí n sì wá sọ bí mo ti rìn fún un.

Kí ṣọ́ọ̀kù tó dé, ọmọ iṣẹ́ kan dámọ̀ràn pé kí wọ́n gé rọ́bà táyà, kí wọ́n há a sáàrin sípíríìǹgì, kí ọkọ̀ lè ga díẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní, “Ìyẹn fún ẹni tó fẹ́ tà á.”

Ohun kan ń bà mí lẹ́rù nípa iṣẹ́ náà, mo sì ti ń ro bí n óò ṣe sọ ọ́. Kí a tó lè yọ ṣọ́ọ̀kù kúrò nínú sípíríìǹgì, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún sípíríìǹgì pọ̀. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni ó dè é mọ́lẹ̀ lókè, ní àárín. Ẹni tí ó bá tú nọ́ọ̀tì yìí nígbà tí sípíríìǹgì ṣì le, yóò rí i pé ohun tí ó lè ru ìdá mẹ́rin ọkọ̀ lè gba ìka, ojú, tàbí ẹ̀mí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi wáyà dè é. Mo ra irin méjì oníkọ̀ǹdọ́, èyí tí ènìyàn fi ń há sípíríìǹgì ní apá ọ̀tún àti òsì tí ó sì ń yí i díẹ̀díẹ̀, mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo sì gbé e lọ sí ọgbà bí ẹni tí ó gbé ẹ̀bùn tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò gbà. Iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fẹ́ lọ kọ́ ọlọ́dún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀: “Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, kì í ṣe pé mo fẹ́…”

Ó gba irin náà lọ́wọ́ mi. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Orí ìka méjì kò sí níbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbé ọkọ̀ wá sí ọgbà náà, n kò rí i rí. “Ẹsẹ̀ 504 ni,” ó wí. “Ọ̀gá mi lọ kí Jímọ̀. Mo fẹ́ kí ó bá a pé mo ti ṣe é tán.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè pẹ̀lú jáàkì, wọ́n fi òpó irin tì í lábẹ́, wọ́n yọ táyà. Wọ́n tú páìpù bíréèkì kúrò níbi tí ó so mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n sì rọra fi okùn gbé e kọ́ kí ìwúwo má baà fà á já. Kí wọ́n tó tú bóólùtù méjì ìsàlẹ̀, Bàbá Ìbejì fi ẹnu irin fá àmì sí ibi tí wọ́n jókòó sí, nítorí pé bí wọ́n bá yẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, táyà yóò dà. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta wà lókè, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n yí ti àárín po. Ọmọ tí ó dámọ̀ràn rọ́bà ni ó mú ṣípánà. Ó tú mẹ́ta náà, ara rẹ̀ sì ti yá. Nígbà tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, ó na ṣípánà sí èyí tí ó wà ní àárín.

N kò mọ̀ pé Bàbá Ìbejì lè pariwo tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọgbà dúró. Ó mú ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ó ń bínú,” ó ní. “Ìwọ kò rí i pé ó ń bínú ni?” Ọmọ náà wo sípíríìǹgì bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Wọ́n há irin méjèèjì sí i, wọ́n ń yí wọn ní ìyíkan-ìyíkan, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, títí sípíríìǹgì fi jọ̀wọ́ àwo orí rẹ̀. Ìgbà náà ni Bàbá Ìbejì fi ojú sọ fún ọmọ náà pé ó lè tú u. Nọ́ọ̀tì náà jáde láìsí ìró. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ọjọ́ méjì. Ti ẹ̀yìn kò le, yàtọ̀ sí pé a ní láti tú aṣọ inú búùtù kí a tó rí orí wọn. Rọ́bà tí ó wà lókè àti ìbòrí tí ń dènà eruku ti jẹrà, a fi titun sí i. Àwọn bóólùtù tí ó kọjá nínú rọ́bà ni kò jẹ́ kí wọ́n dè le títí ọkọ̀ fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀, kí rọ́bà má baà lọ́ pọ̀. Lẹ́yìn èyí a gbé e lọ sí ibi aláìnímẹ́ǹtì.

Kí n tó wa ọkọ̀ jáde, ọmọ iṣẹ́ náà gbé ọwọ́ méjèèjì lé igun iwájú, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó. Ó tún un ṣe lára igun mẹ́ta yòókù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò rán an.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá, mo lọ mú ọmọ mi ní Ifẹ̀. Ó ti fẹ́ bá bọ́ọ̀sì wálé. Ìyá rẹ̀ ni ó bá mi bẹ̀ ẹ́. Ní Ìkirè, ó ra dòdò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀rá rẹ̀ mú. Nígbà tí a súnmọ́ ibi tí ewúrẹ́ ti pàdé wa, mo rí i tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, bí ẹni pé bíréèkì wà lọ́dọ̀ òun náà. N kò sọ̀rọ̀. Mo tẹ tèmi jẹ́jẹ́ kí a tó dé kòtò, imú ọkọ̀ kò sì wọlẹ̀. A gba inú rẹ̀ kọjá. Ìró kan ṣoṣo ni a gbọ́. Bí a ti kọjá afárá Aṣéjìrè, ó tú ọ̀rá dòdò, ó sì na ọ̀kan sí mi.

Mo padà sí ọgbà ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e. Irin oníkọ̀ǹdọ́ méjèèjì wà lára igi máńgòrò, ó ti fi ìṣó kọ́ wọn síbẹ̀. N kò béèrè wọn. Mo jókòó sórí táyà, mo yọ ìwé mi, mo ní kí ó tún gbólóhùn sípíríìǹgì àti ṣọ́ọ̀kù yẹn sọ fún mi, nítorí mo fẹ́ kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí, ó wo gègé tí ó wà lọ́wọ́ mi.

“Dókítà, kí ni ẹ ń kọ gan-an?”

“Ọ̀rọ̀ yín ni, Bàbá Ìbejì. N óò fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́.”

“Ó dára,” ó ní. “Ẹ bá mi kọ ọ́ mọ́ ọn pé owó iṣẹ́ ku ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”